Yẹtí Ẹyọ Kan Tí Zelinda Ń Lò

Yẹtí ẹyọ kan ni Zelinda ń lò, ní etí ọ̀tún. Wúrà ni. Ó rí bí àpótí kékeré, hóró wúrà tí kò tó iyanrìn sì bò ó lára. Quirino ọkọ rẹ̀ ló fi ọkọ́ hú u nínú ọgbà àjàrà wọn ní Toscanella níbí, nílẹ̀ Ítálì. Ibojì àwọn Ẹtúrúskì, àwọn tó gbé ibí láyé àtijọ́ tí wọ́n ń fi wúrà sin òkú, pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá rí wúrà níbẹ̀ a máa tà á fún àwọn olówó tí ń kó ohun àtijọ́ jọ. Quirino kò tà á. Ó fi wáìnì fọ̀ ọ́, ó fi í sí ìyàwó rẹ̀ létí.

"Èkejì ńkọ́?" ni Zelinda bi í.

"Etí tó ń gbọ́ tèmi nìyẹn. Èkejì ò gbọ́ràn rí."

Obìnrin náà mọ àjàrà gé ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tó fi ń gé e lọ.

Ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Lattanzio, olówó kan ní ìlú Firenze tí ń kó ohun àtijọ́ jọ, ni èkejì yẹtí náà wà. Ẹni tó ni ọgbà náà ṣáájú Quirino ló tà á fún un. Nígbà tó gbọ́ nípa ti Zelinda, ó wá, ó kó owó sórí tábìlì. Zelinda ti owó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà síbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹun. Mi ò tà á."

"Ìyá, ìbejì ni wọ́n. Ẹ má yà wọ́n."

"Ẹ ta tiyín fún mi nígbà náà."

Lattanzio rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n wá fẹnu kò: bí Zelinda bá kú, yẹtí náà di ti Lattanzio. Èmi, aládùúgbò wọn, wà níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà ìkórè àjàrà ni Lattanzio ń wá wò ó bóyá ó ti kú.

"Ìyá, ṣé ara le?"

"Ó le, Ọ̀gá. Ẹ má bínú."

Lattanzio á yọ èkejì nínú àpò rẹ̀. Zelinda á fi méjèèjì sétí lọ sí Máàsì. Lattanzio á jókòó lẹ́yìn rẹ̀, kò ní wo pẹpẹ rárá. Bí wọ́n bá jáde, á gba tirẹ̀ padà.

Ní ọdún kan, ó bá Zelinda lórí ibùsùn. Ibà ti mú un, kò dá èèyàn mọ̀ mọ́. Àlùfáà ti fi òróró ẹni tó ń kú lọ kùn ún lórí. Quirino jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí igi. Lattanzio wo yẹtí náà, gbogbo wa sì rí i pé ó wò ó. Ó jáde, ó gun ẹṣin.

"Igún lọ pe ẹbí ẹ̀ ni," ni ìyàwó mi wí.

Ìlú Viterbo ló lọ. Kuníìnì, oògùn ibà, ló rà bọ̀. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ pò ó mọ́ wáìnì, ó ń fún un mu láàárọ̀ àti lálẹ́. Orí àpò ọkà ló ń sùn. Nígbà tí Zelinda lajú, etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

"Ó ṣì wà níbẹ̀," ni Lattanzio wí.

"Òmùgọ̀ ni yín, Ọ̀gá. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di tiyín."

"Bí mo bá gbà á, ta ni yóò máa bú mi ní Toscanella?"

"Òótọ́ ni. Quirino ò mọ èébú í bú."

Ìkórè mìíràn dé, Lattanzio kò dé. Awakọ̀ ẹlẹ́ṣin kan ló mú ìròyìn wá pé ó ti kú ní Firenze, àti pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti ta gbogbo ohun àtijọ́ rẹ̀, yẹtí náà pẹ̀lú, fún àwọn ará òkè òkun. Kò sẹ́ni tí yóò wá béèrè ti Zelinda mọ́. Tirẹ̀ ni títí ayé.

Obìnrin wa kì í fi wúrà sára bó bá ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ tàbí ẹbí. Zelinda yọ yẹtí náà, ó dì í sínú aṣọ ìnujú.

Quirino wo etí rẹ̀ tó ṣófo. "Zelinda, èmi ò tíì kú o."

"Mo mọ̀. Na aṣọ dúdú yẹn sí mi."