Àpò Tó Ń Bẹ́ Nínú Ìgò Janet

Ọdún kẹtàlá rèé tí Mardiyah ti ń fọ ìgò ní yàrá ìwádìí yunifásítì kan ní Òmù-Àrán, síbẹ̀ kò tíì lè sọ fún Mubashir ọmọ rẹ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Dókítà Ọlágúnjú, ọ̀gá ibẹ̀, ti ṣàlàyé títí ó fi sú u. Àpò ni wọ́n ń ṣe, àpò tó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Pọ́límà, èròjà kan tó gùn bí okùn, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ike, ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ń wo awọ tí Ọlọ́run fi bo sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn ṣe àwòkọ́ṣe. Oògùn ni wọn yóò kó sínú rẹ̀. Yóò máa bá ẹ̀jẹ̀ lọ láìjò, ó di ibi tí àìsàn bá wà kó tó tú u sílẹ̀. Mardiyah á ní ó ti yé òun. Irọ́ ni. Àpò tí ojú kò rí, ta ló wá rán an?

Ohun tó yé e ni pé ọ̀rọ̀ Janet kò dára. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó ń kàwé gboyè másítà níbẹ̀, àpò tirẹ̀ nìkan ló ń bẹ́. Tó bá ṣe é lónìí, tó bá fi dọ̀la, oògùn ti jò sínú omi. Oṣù mẹ́ta gbáko! Dókítà ní kì í farabalẹ̀. Ó dun Mardiyah wọra, torí Janet ló ń bá a pọn omi nígbà tí ẹ̀rọ bá gbẹ, òun nìkan ló sì ń pè é ní Màámi. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Dókítà ní kó pa iṣẹ́ náà tì. Ọmọ náà palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó wọkọ̀ Ìlọrin lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣeé ṣe. Ìgò tuntun ló yọ nínú páálí. Nígbà tó fi di Mọ́ńdè, kò sí àpò kankan tó bẹ́. Orí rẹ̀ dàrú. Ó pe Mardiyah pé kó fọ ìgò lójú òun bó ṣe máa ń fọ ti Janet.

Mardiyah fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló yọ ọṣẹ dúdú tó sè fúnra rẹ̀ nílé jáde nínú báàgì, ó tún un fọ̀, ó sì fi omi díẹ̀ báyìí ṣàn án, kí ọṣẹ lè kù lára ìgò, kí ìdọ̀tí má ráyè. Dókítà gbóòórùn ìgò náà.

“Ìyá Mubashir, ọṣẹ yìí ló ń tú awọ àpò yẹn.”

“Ọṣẹ tí mo fi wẹ ọmọ mẹ́rin?”

“Òun náà ni, mà.”

Kò yé e. Ohun tó ń mú ara mọ́, báwo ló ṣe ń ba nǹkan jẹ́? Àmọ́ ó mọ̀ pé Janet gbọ́dọ̀ padà. Ó pè é lórí fóònù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́.

“Màámi, kí ló dé tó fi jẹ́ ìgò tèmi nìkan?”

Omi ti gba ojú Mardiyah. Ó ní, “Ìwọ ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀.”