Ọta Tí Grandma Tú Palẹ̀

Kòròfo ọta onídẹ ń ró ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú ike tí iná mànàmáná ń yí láti fọ̀ wọ́n mọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá da ẹ̀wà gbígbẹ sínú páànù. Òórùn òróró ìbọn gba gbogbo gáréèjì, òórùn ata díndín sì ń ti kíṣìnnì wá pàdé rẹ̀. Grandma ki ọwọ́ sínú ike náà, ó bu kòròfo ọta ìkúnwọ́ kan, ó gbé ọ̀kan sókè síbi iná, ó ń wò ó bí ẹni ń yẹ ẹyin wò.

"Wá wo ọrùn eléyìí," ó ní. "Ó ti ń sán. Kò wúlò mọ́." Ó sọ ọ́ sínú agolo tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe òun ló bí ìyá mi. Aládùúgbò wa ni ní Stockbridge, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé rẹ̀ ló kángun sí tiwa. Nọ́ọ̀sì ni Mummy ní Morrow, nítorí náà, bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú school bus, ọ̀dọ̀ Grandma ni mò ń lọ títí shift Mummy á fi parí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ṣùgbọ́n sójà Amẹ́ríkà ló fẹ́, ọkọ náà sì ti kú kí n tó gbọ́njú. Ó fi ìbọn ológun àtijọ́ kan sílẹ̀ fún un, onígi, tó wúwo, irú èyí tí àwọn sójà gbé lọ sí ogun àgbáyé kejì. Bí o bá ti fà á lẹ́ẹ̀kan, á yìn, á sì ti ọta mìíràn sẹ́nu fúnra rẹ̀. Grandma ní àwọn ọta líle tí wọ́n ń tà lóde òní lè ba irin inú rẹ̀ jẹ́. "Arúgbó bíi tèmi ni," ó máa ń wí, "oúnjẹ tó rọ̀ ló ń jẹ." Ìdí nìyẹn tó fi ń di ọta fúnra rẹ̀, bí ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ.

Á tẹ ìṣáná kékeré tó ń ran ẹ̀tù bọ ìdí kòròfo, á wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n bíi ti alágbẹ̀dẹ wúrà, á dà á sínú, á tan tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀, kó tó wá fi ẹ̀rọ tẹ orí ọta sí i lẹ́nu. Kò gbọdọ̀ sí rédíò, kò gbọdọ̀ sí àròyé. Tí ó bá ti parí, èmi á to wọ́n sínú páálí.

Lọ́jọ́ Sunday kan, pásítọ̀ wa bi mí pé kí ni mo máa ń ṣe tí mo bá dé láti school.

"Mo máa ń bá Grandma ṣe ọ̀tá," ni mo dá wọn lóhùn.

Ojú pásítọ̀ yí padà. Grandma, tó dúró tì mí, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọta ni, ọmọ mi! Jẹ́ kí ohùn ẹ tẹ́jú. Ọ̀tá ni ẹni tó kórìíra ẹ."

Lọ́dọọdún, bí oṣù May bá ń parí lọ, àwọn sójà tó bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ máa ń pàdé ní pápá ìyìnbọn kan lẹ́yìn Hampton láti rántí àwọn tó ti lọ. Wọ́n á pe orúkọ òkú kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan nínú àwọn èèyàn rẹ̀ á sì yìnbọn. Grandma ló máa ń dúró fún ọkọ rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó ku ọ̀la kí a lọ. Ó ń da ẹ̀tù lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Kì í dá fóònù lóhùn nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń pè, àbúrò rẹ̀ sì wà ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ti yọrí sí rere. Ó jó díẹ̀ lórí ìjókòó, ó parí iṣẹ́, mo to páálí, a lọ fọwọ́.

Omi ń ṣàn lórí ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó yíjú sí mi lójijì.

"Ṣé mo tan tọ́ọ̀ṣì wo inú gbogbo wọn?"

"Mi ò mọ̀, Grandma."

"Èmi náà ò mọ̀." Ó pa omi. "Bí ẹ̀tù bá lọ wọ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ìbọn lè fọ́ mọ́ èèyàn lójú."

Ó padà sí gáréèjì, ó mú irinṣẹ́ kan tó dà bí òòlù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn. Gbò, gbò, orí ọta á jábọ́, ẹ̀tù á tẹ̀ lé e, á tún un wọ̀n. Ibẹ̀ ni Mummy bá wa, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Ẹ̀ẹ́, Grandma, ọ̀la mà ni! Kí lẹ máa wá yìn?"

"Mi ò ní yìn."

Nígbà tó tú èyí tó kẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ló pé. Kò sí ọ̀kan tó ní àléébù.

"Ẹ ò rí i!" Mummy pariwo. "Kò sí nǹkan kan. Ẹ tètè tún un dì."

"Mo ti mọ̀ báyìí. Ká ní mi ò tú wọn ni, àdúrà lásán ni ǹ bá máa gbà." Ó bo òṣùwọ̀n rẹ̀. "Ojú mi ti rẹ̀. Ojú tó rẹ̀ kì í wọn ẹ̀tù."

Lọ́jọ́ kejì, ó dé fìlà ọkọ rẹ̀, a lọ sí Hampton. Bàbá àgbàlagbà kan tí irun rẹ̀ ti funfun fẹ́ fún un lára ọta tí òun fúnra rẹ̀ dì. Grandma fi Gẹ̀ẹ́sì dúpẹ́, ó ní òun kì í yin ohun tí ọwọ́ òun kò dì. Bàbá náà kò bínú. Ó mi orí, ó sì ṣí fìlà fún un. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ọkọ rẹ̀, Grandma dìde tòun ti ìbọn òfìfo, ó dojú ìbọn náà kọlẹ̀, gbogbo pápá sì pa rọ́rọ́. Ó dùn mí débi pé mo sunkún.

Nínú mọ́tò, mo bi í bóyá ó dun òun náà.

"Ó dùn mí gan-an. Àtèṣín ni mo ti ń retí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀ yẹn bí ìbọn bá fọ́, ó ní ìyàwó nílé."

Grandma ti sùn nínú Olúwa báyìí. Èmi ò ní ìbọn, mi ò sì fẹ́ràn ariwo rẹ̀. Oògùn ni mò ń pò ní ilé ìwòsàn kan ní Atlanta, èyí tí wọ́n ń fà sínú iṣan àwọn ọmọ ìkókó. Ìgbà mìíràn, ẹnì kan á pè mí láàárín iṣẹ́, n kò sì ní lè búra fún ohun tí ọwọ́ mi ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn. Màá dà á nù, màá fọwọ́, màá bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ a máa kùn. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n kùn. Ní àjà òkè ilé ìwòsàn náà, ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tó ń bi nọ́ọ̀sì léèrè ohun tó fà á tí oògùn ọmọ òun fi pẹ́. N kò rí ìyá náà rí, òun náà kò sì ní mọ̀ mí láé.