Ẹni Tí Kì í Sọ Pé Ara Òun Ò Yá

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin kì í kọjá èèyàn láìkí i. Láti ibùdókọ̀ Ìfọ̀ dé ilé wa, wọ́n á dúró tó ìgbà mẹ́jọ, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ewúrẹ́. A ní ọmọlúàbí ni wọ́n. A ò mọ̀ pé èémí ló ń tán.

Dókítà ní ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn wọn ò padé dáadáa mọ́, àfi iṣẹ́ abẹ. Ìgbà Sáàpù ni, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, owó wa ò lè tún ilẹ̀kùn ilé ṣe, áńbọ̀sì ti ọkàn. Iléeṣẹ́ wọn ní kí wọ́n mú ọ̀kan: kílíníìkì iléeṣẹ́, tí ò mọ̀ ju ibà lọ, tàbí ìnṣọ́ránsì, tó máa sanwó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá kọ àìsàn náà sílẹ̀. A mú ìnṣọ́ránsì. Èmi tí mo kàwé díẹ̀ ni mo kọ fọ́ọ̀mù.

"Bùrọ̀dá, wọ́n ní báwo lara yín?"

"Kọ ọ́ pé a dúpẹ́."

"Àìsàn ni wọ́n ń béèrè o."

"Ṣé wàá máa ka àìsàn ẹ fún ẹni tí o ò mọ̀ rí ni? Kọ ọ́ jàre."

Mo kọ "fáìn". Èmi akọ̀wé, mo tún fàlà sí i nídìí.

Àwọn ìnṣọ́ránsì dá fọ́ọ̀mù padà: ẹni tí ara ẹ̀ le ò nílò iṣẹ́ abẹ. A jọ lọ bẹ̀ wọ́n ní ọ́fíìsì. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Bàbá, ara ńkọ́?"

Bùrọ̀dá di tábìlì mú, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "A dúpẹ́, ọmọ mi. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Mo kọ fọ́ọ̀mù míì, mo kọ òótọ́. Èsì ò tíì dé tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Níbi ìsìnkú, àwọn èèyàn ń bi mí pé ara ńkọ́. Èmi náà ní a dúpẹ́.