Ìjà Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé àti Káàdì Ohùn Nílé Wa l'Ádjamé

Eruku tó ń gbóná ní òórùn tirẹ̀. Òórùn yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi wọ́tórò, ọmọlanke àwọn alábàárù Adjamé, gbé e dé láti èbúté, Bàbá tan án lórí tábìlì ìjẹun, òórùn eruku ilé onílé láti ilẹ̀ Faransé sì gba gbogbo pálọ̀, ó bo ti àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, tí ará ilé kejì ń sè mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ mọ irú rẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọ̀ngọ̀, ó sì ń kùn bí ẹ̀rọ ata.

Páàtì mọ́tò ni Bàbá ń tà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá ṣòwò nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé ni, ó sì ti rí i pé kò sí yìgì àwọn èèyàn wa tí wọn kì í wá ẹni tí yóò tẹ káàdì ìpè. Ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ó sì fi èmi Múnírátù sídìí rẹ̀, nítorí pé ìka mi ló yá jù nílé. Mo fẹ́ràn kọ̀ǹpútà yẹn débi pé ìborùn mi ni mo fi ń nù ún kí n tó lọ sílé ìwé. Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n orin ni tirẹ̀. Kí a tó tẹ ìwé kankan rárá, ó ti lọ wá káàdì ohùn kan lọ́jà, ó tì í bọ inú kọ̀ǹpútà, ilé wa sì ń kọrin.

Alhaji kan ní àdúgbò Treichville ló kọ́kọ́ gbéṣẹ́ wá. Ó fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ fọ́kọ, Bàbá sì ṣèlérí pé káàdì yìgì yóò délẹ̀ kí wọ́n tó kírun Jímọ̀. Mo kọ orúkọ ìyàwó àti ti ọkọ, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìlà kan jáde dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ń tu ìràwọ̀ àti àmì játijàti, kọ̀ǹpútà sì dákú. Mo pààrọ̀ okùn. Mo tún fi pilote rẹ̀ sí i, ìyẹn ètò kékeré tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀. Ìràwọ̀ náà ló ń tu.

"C'est gâté, ó ti bàjẹ́," ni Ràṣídì wí, ó sì ń mi orí sí orin rẹ̀.

Bàbá kò pariwo. "Tó bá di vendredi, Jímọ̀ yìí, tí kò tẹ̀ ẹ́, mo dá a padà fún ẹni tó tà á, kọ̀ǹpútà tòun tẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mi ò lè fi orúkọ mi ṣeré." Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá wa ń ta abọ́ tánganran, òun sì ni olórí ìlà wọn lọ́jà. Bí obìnrin méjì bá ń jà lórí àyè, kì í kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Á ní kí gbogbo ìlà palẹ̀ ẹrù mọ́, kí wọ́n máa padà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú òun. Ibi tí àyè bá ti há, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́sàn-án mercredi, ìyẹn Ọjọ́rú, tí a kì í lọ sílé ìwé, ó bá mi níbi tí mo ti ń bú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

"Múní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan lẹ ń dá lẹ́bi láti ọjọ́ yìí. Ṣé ẹ ti bi àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé?"

Mo dìde bí ẹni tí agbọ́n ta. Mo yọ iná, mo fi irin tí Bàbá fi ń tú súkúrúù tú ìdérí, mo sì kó gbogbo káàdì inú rẹ̀ jáde, àfi èyí tó ń gbé àwòrán sójú rẹ̀. Mo tan án, mo ní kó tẹ̀wé. Káàdì yìgì jáde, tìlà tìlà, láìsí àléébù! Mo pa á, mo dá èyí tó ń lo okùn tẹlifóònù padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Mo dá káàdì ohùn padà. Ìràwọ̀!

"Káàdì mi ò ṣe nǹkan kan o!" Ràṣídì ti di lọ́yà rẹ̀. Lóòótọ́, ó ń kọrin dáadáa, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura sí i. Mo ṣí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń to àwọn ohun èlò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó fi ń pe ọpọlọ ẹ̀rọ pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Sept, ìyẹn méje, ni ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Sept náà ni káàdì ohùn ń pè.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn méjèèjì ń pè lẹ́ẹ̀kan náà ni. On va lui donner cinq, a ó fún káàdì ohùn ní márùn-ún, kò sẹ́ni tó ń lò ó."

Mo pa á, mo sún ìdérí tíńtín tí wọ́n fi ń yan nọ́ńbà lára káàdì ohùn bọ́ sórí cinq, mo sì tún pilote rẹ̀ ṣe láti fi nọ́ńbà tuntun mọ̀ ọ́n. Ràṣídì tan orin. Mo ní kó tẹ̀wé. Orin ń dún, káàdì yìgì ń jáde, ẹnì kankan ò di ẹnì kejì lọ́wọ́. Ayọ̀ tó gbé mi lọ́sàn-án yẹn, mi ò lè fi ẹnu ròyìn rẹ̀ tán.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé káàdì yìgì lọ sí mọ́sálásí. Ràṣídì tó bá a lọ ló sọ fún mi pé Alhaji béèrè ilé iṣẹ́ tó ṣe irú iṣẹ́ dáadáa bẹ́ẹ̀, Bàbá sì gbóhùn sókè kí gbogbo ará mọ́sálásí lè gbọ́: "Ilé iṣẹ́ kẹ̀? Ma fille ni! Múnírátù, ọmọ mi obìnrin." Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ dídá kọ̀ǹpútà padà.

Lónìí, èmi ni ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ ńlá kan ní Plateau, àdúgbò àwọn ọ́fíìsì nílùú wa. Bí ẹ̀rọ kan bá ṣorí kunkun, mo lè fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n gbé òmíràn wá. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà kò ní òmíràn, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó láyà. Mo mọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí mo bá borí ìṣòro tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi, ńṣe ni mo máa ń mi orí wẹ́rẹ́, mo ní a dúpẹ́, bí àgbà tó mọ̀wà hù. Òun ní tirẹ̀, ó fò sókè lórí sìmẹ́ńtì lọ́sàn-án mercredi yẹn, ó pariwo débi pé gbogbo àgbàlá sáré wá, wọ́n rò pé iná ti mú wa. Lóṣù tó kọjá, mo jí ẹ̀rọ kan tí gbogbo ọ́fíìsì ti sọ̀rètí nù lórí rẹ̀. Mo dá wọn lóhùn wẹ́rẹ́, mo wọlé, mo tilẹ̀kùn, mo bọ́ bàtà onígìgísẹ̀, mo sì fò. Akọ̀wé mi yọjú wọlé: "Madame, ça va? Ṣé kò sí o?" Mi ò wá irọ́ kankan pa. Mo ní kó bọ́ bàtà tirẹ̀ náà.