Ẹ Má Kí Ara Yín

Láyíwọlá, télọ̀ ní Keteren Gwari ní Minna, kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Bó ti ń ránṣọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó sálúsà lórí ẹ̀rọ, ijó òde òní tí ọkùnrin ń di obìnrin lọ́wọ́ mú jó. Ó fẹ́ kí gbogbo Minna kọ́ ọ, ló bá ní kí àwa tó ń kọ́ níjó lọ já lu àwọn èèyàn lójijì lọ́jà. Ká fọ́nká bí ẹni ń nájà. Tí orin bá dún, kí kálukú fa ẹnìkejì rẹ̀ sáàárín.

"Ẹ má kí ara yín," ó tẹnu mọ́ ọn títí etí wa fi kún. "Ẹ ṣe bí ẹni tí kò mọra rí."

Lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń wo fóònù. Bó ṣe kọjá níwájú mi, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí: "Ẹ káàsán, sà." Tiwalọlá tá a jọ ń kọ́jó náà kúnlẹ̀. Olúwabámiṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì. Nígbà tí orin máa fi dún, aláta kan tó mọ Láyíwọlá sí oníjó ti fa àpótí jókòó.

"Sannu, ẹ̀yin oníjó," ó fi Hausa kí wa. "A ti ń retí yín."

A jó, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Láyíwọlá kó wa lọ sẹ́yìn ọjà, ó ń jágbe mọ́ wa: "Ṣé ẹ máa kú ni, tẹ́ ò bá kí èèyàn? Ṣé ẹ ò lè—"

Bàbá arúgbó kan tó gbé bútà àlùwàlá dání ń kọjá. Àyà Láyíwọlá ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàsán, bàbá."

Bàbá náà ò tiẹ̀ gbọ́ Yorùbá.