Omi Korobá Kan Tí Mo Dá Padà

Ọdún kẹjọ rèé tí àwa òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì kan nílùú Accra ti ilẹ̀kùn pa, tí a ní a kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa ń bi mí bó ṣe rí, ojú wọn a máa dán. Wọ́n fẹ́ gbọ́ bí a ṣe borí. A borí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo máa ń sáré kọjá nínú ìtàn náà ni mo fẹ́ dúró sí lónìí.

Iṣẹ́ wa ni láti wá ohun tó ń pa irè oko àti ohun tó ń ba ilẹ̀ jẹ́. Àwa là ń po oògùn, àwa là ń fín in, láìsí ìbòmú, láìsí ìbọ̀wọ́. Ikọ́ wa ò ní ọjọ́ ìsinmi. A kọ lẹ́tà títí, àwọn ọ̀gá ní ká ṣe sùúrù. Kwame, alága wa, ní sùúrù kì í bo imú. La bá daṣẹ́ sílẹ̀. Èmi Mùfú, ọmọ Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Gánà, tí wọ́n bí sí Kokomlemle, ni akọ̀wé, èmi ni wọ́n sì kó kọ́kọ́rọ́ fún.

Ọ̀kan nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ náà ni ti ilé àwọ̀n, níbi tí a ti ń dán tòmáàtì wò. Àrùn kan wà nínú ilẹ̀ tó máa ń mú tòmáàtì rọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. A gbin oríṣiríṣi sínú ilẹ̀ tó ní àrùn yìí, gbogbo wọn ló rọ, àfi ti Ìyá Ràbí. Obìnrin Ọ̀yọ́ ni, ó ń dáko lẹ́bàá odò nítòsí Dansoman. Irúgbìn tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni. Àgbàrá ti gbé oko rẹ̀ lọ lọ́dún yẹn, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ ló kó fún wa pátá. Èso wọn ò tíì gbó tó ká mú irúgbìn nínú wọn.

Ní ọjọ́ kẹrin ìyanṣẹ́lódì, Ìyá Ràbí dé ẹnu géètì, ó ru korobá omi.

“Mùfú ọmọ mi, mepa wo kyɛw, jọ̀ọ́, ṣí i fún mi. Mi ò ní kí o ṣiṣẹ́. Èmi fúnra mi ni màá bomi rin wọ́n.”

“Màmá, a ti daṣẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọlé.”

“Ṣé èmi náà ń ṣiṣẹ́ níbí ni? Àbí tòmáàtì náà ti wọ ẹgbẹ́ yín?”

Mo wo Kwame. Ó mirí. “Chale, ọ̀rẹ́ mi, tá a bá ṣí i fún ẹnì kan, tó bá dọ̀la, gbogbo àwọn ọ̀gá á ní àwọn náà fẹ́ bomi rin tiwọn.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ó sì dùn mọ́ mi pé ọwọ́ tèmi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo ní kí Màmá máa lọ. Ó da omi náà sídìí igi dóńgóyárò tó wà lẹ́nu géètì, ó ní òun ò lè rù ú padà sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì la lò. Wọ́n kó ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ dé, a hó, a jó. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ilé àwọ̀n. Tòmáàtì Ìyá Ràbí ti dorí kodò, wọ́n ti gbẹ. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣì ní ọ̀rinrin díẹ̀ nídìí, òun náà ti kú tán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tòmáàtì tí òǹgbẹ pa àti èyí tí àrùn yìí pa, bákan náà ni wọ́n ṣe máa ń rọ. Ọ̀nà tí a fi ń dá wọn mọ̀ ò le: wàá gé igi rẹ̀, wàá kì í bọ omi inú ife gíláàsì. Bó bá jẹ́ àrùn ni, nǹkan funfun á máa ṣàn jáde bíi wàrà. Mo gé ọ̀kan yẹn, mo kì í bọ omi, mo dúró. Omi náà mọ́ gaara.

Òǹgbẹ ló pa wọ́n. Àwa la pa wọ́n. Mo ro èébú tí àwọn ọ̀gá máa bú ẹgbẹ́ wa, mo fa ìwé àkọsílẹ̀ yọ, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àrùn ni. Kwame kò rán mi. Kò tilẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí Ìyá Ràbí wá, ó bi mí pé, “Ṣé àrùn náà ni?”

“Òun ni, Màmá.”

“Ó mà ṣe o. Mo ṣebí irúgbìn mi lágbára.”

Kò dáko mọ́. Ó kó lọ sí Alajo, ó ń ta ọṣẹ dúdú tí àwọn ará Gánà ń pè ní alata samina. Oṣooṣù ni mo ń lọ rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìgbà kan tí kò ní fi ènì sí i fún mi. “Ìwọ lo bá mi sapá,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn, ojú á sì gbà mí tì.

Ìbòmú wà ní yàrá àyẹ̀wò títí dòní, ikọ́ náà sì ti lọ. Mi ò kábàámọ̀ pé a daṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n à bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọ̀gá, ká sì tún bomi rin ohun tó wà nínú ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Irọ́ tí mo kọ ṣì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, irúgbìn náà ò sì sí níbi kankan tí mo mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ lẹ́tà sí yunifásítì láti tú àṣírí ara mi. Lẹ́yìn náà mo lọ sí Alajo.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dáwọ́ ọṣẹ tó ń gé dúró.

“Ṣé àrùn kọ́ ló pa á?”

“Àrùn kọ́, Màmá. Tiyín nìkan ló dúró.”

“Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń sọ fáráyé pé irúgbìn ìyá mi ò dáa.”

Ó gé ọṣẹ mi, ó wé e, ó nà án sí mi. Kò fi ènì sí i.