Ẹ̀rọ Tí Ìyàwó Mi Tún Ṣe

Mo rántí ìgbà tí etí mi kì í gbọ́ ohun mìíràn ju gbaga-gbaga-gbaga lọ, bí mo bá sùn, bí mo bá jí. Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ni. Nígbà náà ni owó epo rọ̀bì ń ṣàn, tí gbogbo ẹni tó bá ní ọwọ́ ní ẹsẹ̀ ń rí iṣẹ́ ṣe l'Ékòó. Ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ gba èmi àti ìyàwó mi síṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Mafolúkù là ń gbé, yàrá kan ṣoṣo, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń fò kọjá lórí páànù bí ẹni pé ó fẹ́ gbé e lọ. Láàárọ̀, a ó jọ fẹsẹ̀ rìn kọjá rélùwéè Òṣòdì, a ó máa tàkúrọ̀sọ títí a ó fi débi iṣẹ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Bàbá mi hun aṣọ òfì, bàbá tó bí bàbá mi náà hun ún. Nílé wa, ọkùnrin ló ń jókòó sídìí òfì. Obìnrin a rànwú, a pa á láró, iṣẹ́ tiwọn parí síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, mo sì gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, gẹ́gẹ́ bó ṣe mú kí irùngbọ̀n hù lágbọ̀n ọkùnrin. Ẹ wá wo ẹjọ́ o: Èkìtì ni mo ti lọ fẹ́yàwó. Nílùú tirẹ̀, ara ògiri ni wọ́n ń gbé òfì tì, obìnrin ló sì ń hun aṣọ. Bí ọkùnrin bá jókòó tì í, wọ́n á fi í ṣe ẹ̀sín. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo ní, "Irú ìlú wo nìyẹn? Ẹ ti gbé e sódì!"

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ gbé e sódì. Àbí Ọlọ́run tó dá ọkùnrin Ìsẹ́yìn yàtọ̀ sí èyí tó dá ti Èkìtì ni?"

Mo ní kó lọ gbé oúnjẹ wá.

Òyìnbó tó jẹ́ mánéjà wa kò mọ ti Ìsẹ́yìn, kò mọ t'Èkìtì. Ó kó ọkùnrin sídìí ẹ̀rọ, ó kó obìnrin sí yàrá tí wọ́n ti ń ká òwú. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, ṣé ẹ rí i, òyìnbó pàápàá mọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ kan daṣẹ́ sílẹ̀ létí yàrá àwọn obìnrin, tí àwa ọkùnrin mẹ́ta dúró tì í, tí à ń lù ú, tí à ń bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi jáde wá, ó ki ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ó fa fọ́nrán òwú kan yọ. Gbaga-gbaga, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àgbàlagbà kan nínú wa pàtẹ́wọ́: "Bọ́kùnrin réjò, bóbìnrin pa á, kéjò ṣáà ti kú!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò dénú. Ejò kú lóòótọ́. Ẹni tó pa á ló ń dùn mí.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí mánéjà ní òun ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa tún àwọn ẹ̀rọ ṣe. Wọn yóò kọ́ ọ níṣẹ́, yóò di mẹ́káníìkì, gbogbo wa yóò sì máa sáré wá a kiri bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́. Ipò yẹn wọ̀ mí lójú! Ọkùnrin mẹ́rin la forúkọ sílẹ̀. Ìyàwó mi náà ní kí wọ́n bá òun kọ orúkọ òun. Kò bi mí léèrè. Ó kàn ní, "Mo ti forúkọ sílẹ̀ o," bí ẹni ń sọ pé òun ti gbé omi kaná.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mánéjà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹ̀rọ kan jẹ́, ó ní kí á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan wá tún un ṣe. Èmi ló kọ́kọ́ pè. Mo kó sípánà, mo tú bóòtù mẹ́fà, mo dé márùn-ún padà. Ẹ̀rọ hun aṣọ tí kò ju ìwọ̀n ìka kan, òwú já. Nítorí pé mo ka ìwé mẹ́fà, tí mo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, mánéjà ní kí n dúró ti òun, kí n máa túmọ̀ fún àwọn yòókù. Nítorí náà, ìṣojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà kò ṣe jù mí lọ. Nígbà tó kan ìyàwó mi, kò bèèrè sípánà. Ó di ojú rẹ̀, ó fi ìka rìn lórí òwú láti òsì dé ọ̀tún, bí ìyá tó ń wá iná orí ọmọ. Ó ní, "Méjì ti gorí ara wọn níbí." Ó tú wọn, ó so wọ́n padà, ó gbọnwọ́. Ẹ̀rọ náà hun aṣọ títí mánéjà fúnra rẹ̀ fi dá a dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, àgbà ti dé sí mi. Mo jowú débi pé itọ́ ẹnu mi korò. Ká ní ọkùnrin ẹgbẹ́ mi ló borí mi, ǹ bá bínú, ǹ bá sùn, ilẹ̀ ìbá sì mọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi! Ẹni tó ń bu oúnjẹ fún mi! Bí obìnrin bá lè ṣe èyí, kí wá ni mo fi jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn?

Lọ́jọ́ kejì, mánéjà pè mí. Ó ní ìyàwó mi ló mú ipò náà, kí n sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ń kí mi kú oríire. Mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá, àṣà wa kò gbà á. Nílẹ̀ Yorùbá, obìnrin kì í jókòó sídìí òfì. Ẹbí yóò bínú." Òyìnbó ní òun kò fẹ́ tẹ àṣà ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ó fa ìlà sórí orúkọ ìyàwó mi. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé òyìnbó ní èèṣì ni bó ṣe tún ẹ̀rọ náà ṣe, pé wọ́n ti wádìí rẹ̀ nílùú wọn, Ọlọ́run kò dá ọwọ́ obìnrin fún ẹ̀rọ. Fún òyìnbó, mo ní àṣà ni. Fún ìyàwó mi, mo ní bí a ṣe dá a ni. Ẹnu kan náà ni mo fi sọ méjèèjì.

Mo rò pé yóò bá mi jiyàn bó ṣe máa ń ṣe. Ó kàn wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èèṣì, àbí?" Ó sì lọ gbé ìkòkò kaná. Èmi náà kò kúkú rí ipò ọ̀hún gbà! Wọ́n gbé e fún ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Òṣòdì tẹ́lẹ̀, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òwú àti okùn. Ó tọ́ sí mi bẹ́ẹ̀.

Ohun tí n kò rò ni pé irọ́ máa ń bímọ. Nígbà tí àkọ́bí wa obìnrin ní ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ni òun fẹ́ kà ní yunifásítì, ìyá rẹ̀ ló dá a dúró. "Ọmọ mi, mo ti dán an wò. Kò bá àwa obìnrin mu." Ọmọ náà sunkún, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Mo wà níjòókòó níbẹ̀, mò ń ka ìwé ìròyìn, mi ò gbin. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Tèmi kò mì lóòótọ́, ṣe ló kan síbẹ̀.

Òkè-Àfà là ń gbé báyìí. Ilé-iṣẹ́ aṣọ yẹn ti pa ilẹ̀kùn dé tipẹ́. Lọ́dún tó kọjá, jẹnẹrétọ̀ wa dákẹ́, ọmọ-ọmọ wa obìnrin bá gbé sípánà, ó ń tú u. Ìyàwó mi pariwo láti ẹnu ọ̀nà: "Fi í sílẹ̀ jàre, kí bàbá àgbà pe oníṣẹ́. Ọwọ́ wa kò gbà á. Èmi náà ti ṣe é rí, èèṣì ni."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé lógójì ọdún, ẹsẹ̀ ti ń ro ó. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa." Mo sọ gbogbo rẹ̀, lójú ọmọ náà. Mò ń retí ariwo. Mò ń retí pé ìyàwó mi yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì gba ilé ọmọ wa lọ.

Ìyàwó mi wo ọwọ́ rẹ̀, tó ti hunjọ báyìí, bó ṣe wò ó lọ́jọ́ yẹn ní Mafolúkù. Kò bi mí nídìí tí mo fi ṣe é. Ó ní, "Kì í wá ṣe èèṣì?"

Mo ní, "Kì í ṣe èèṣì."

Ó dìde, ó lọ jókòó nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ọmọ wa, ó di ojú rẹ̀, ó sì ki ọwọ́ sínú ẹ̀rọ náà. Mo wà lórí àga mi, mò ń wo ẹ̀yìn wọn. Ẹ má bínú sí mi, ìlara tún mú mi díẹ̀. Wọ́n pẹ́ nídìí rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó pè mí.